Kí ẹ tó gbin ẹ̀gẹ́ torí epo: ohun tí ojú wa rí ní Búnú

Ẹ̀yin àgbẹ̀ Búnú, Ìjùmú, Yàgbà àti Ọ̀wọ́rọ̀, bí ẹnikẹ́ni bá wá bá yín pé ìjọba fẹ́ máa fi ẹ̀gẹ́ ṣe epo mọ́tò, pé kí ẹ fẹ oko yín, kí ẹ yá owó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ọ̀rọ̀ mi yìí tán kí ẹ tó bu ọwọ́ lu ìwé. N kì í ṣe ọ̀tá ètò náà. Títí di òní mo gbà pé ilẹ̀ wa lè ṣe é, pé ó sì yẹ kí àwa Òkun, Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogi, rí jẹ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n a ti gbin làpálàpá torí epo, a ti gbin ẹ̀gẹ́ torí epo, mo sì rí ohun tí ó ṣe fún àwọn ènìyàn mi. N kò fẹ́ kí ó ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíràn.

Tíṣà ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, oko sì ni mo ti ń jẹ láti kékeré. Ìyàwó ilé ni mí ní abúlé tí mo ń sọ yìí, nítorí náà ilẹ̀ tí mo ń ro, ilẹ̀ ẹbí ọkọ mi ni. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa. Ìwékíwèé tí àlejò bá mú wọ abúlé wa, èmi ni mo máa ń kà á sí àwọn àgbà létí.

Làpálàpá ló kọ́kọ́ dé. Ní 2007 ni ìjọba àpapọ̀ gbé ìlànà biofuel, ìyẹn epo tí a ń ṣe láti ara irè oko, jáde, ariwo làpálàpá sì gba gbogbo ayé lásìkò náà. Ní ọdún yẹn kan náà ni BP, ilé-iṣẹ́ epo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bá ilé-iṣẹ́ D1 Oils da owó pọ̀ torí gbígbin igi yìí. Nígbà tó fi máa di 2009, BP ti yọ ọwọ́ kúrò. Ìyẹn kò dé etí wa. Èyí tó dé etí wa ni pé igi náà kò kọ ilẹ̀ tó ti gbó, kò fẹ́ ajílẹ̀, ewúrẹ́ kì í jẹ ẹ́, màlúù kì í jẹ ẹ́, epo inú hóró rẹ̀ sì lè wa ọkọ̀ tó ń lo díséèlì.

Ta ni kò mọ làpálàpá ní ilẹ̀ wa? Òun la fi ń ṣe ọgbà yí ẹ̀yìnkùlé ká. Oje rẹ̀ ni àwọn ìyá wa fi ń nu ẹnu ọmọ tí ahọ́n rẹ̀ bá funfun. Nítorí pé a ti mọ̀ ọ́n tipẹ́, kò sẹ́ni tó bèèrè ìbéèrè. Ṣùgbọ́n igi tó lè yè lórí òkúta, kì í ṣe orí òkúta ni yóò ti so dáadáa. Lórí ilẹ̀ burúkú tí wọ́n ní kí a fi sílẹ̀ fún un, ó wà láàyè, ewé rẹ̀ tutù, èso rẹ̀ kò tó nǹkan. Èso náà kì í gbó pọ̀: òdòdó, èso tútù àti èso gbígbẹ máa ń wà lórí ẹ̀ka kan náà, ẹni tó bá fẹ́ ká a yóò máa lọ, yóò máa bọ̀, ọwọ́ ni yóò sì fi bó o. Oró wà nínú hóró rẹ̀. Àwọn ọmọ kan ní àdúgbò wa jẹ ẹ́ bí ẹ̀pà, èébì ni wọ́n bì dé ilé ìwòsàn. A kò lè fi pàǹtí rẹ̀ bọ́ ewúrẹ́. Ẹni tó pín irúgbìn fún wa kò padà wá rà á, àpò rẹ̀ sì wà nínú ilé ẹgbẹ́ títí kòkòrò fi jẹ ẹ́. N kò ní pẹ́ lórí ìyẹn, torí pé ilẹ̀ burúkú ló gbà lọ́wọ́ wa. Ẹ̀gẹ́ ló gba ilẹ̀ rere.

Akinwumi Adesina ni mínísítà ètò ọ̀gbìn láti 2011 sí 2015. Lásìkò tirẹ̀, ìjọba àpapọ̀ ya àwọn agbègbè kan sọ́tọ̀ tí wọn yóò ti máa sọ irè oko di ohun títà. Alape, ní ìjọba ìbílẹ̀ Kàbbà/Búnú, wà lára wọn, ẹ̀gẹ́ ni wọ́n sì torí rẹ̀ yàn án. Ẹ fojú inú wo bó ti rí lára wa. Ní gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ni, ìgbà tí wọ́n bá ń ka èsì ìdìbò ni mo máa ń gbọ́ orúkọ Búnú lórí rédíò. Ọ̀rọ̀ Alape kò tíì kan abúlé tiwa rárá, síbẹ̀ orí gbogbo ènìyàn ti yá. Irú àkókò tí orí ènìyàn yá báyìí ni àlejò máa ń wá.

Ilé-iṣẹ́ tó wá bá wa, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Aṣojú wọn jẹ́ ọmọkùnrin kan tó mọ ọ̀rọ̀ sọ, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ fún àwọn àgbà, ó kí wọn ní “Òkun o!” bí ọmọ bíbí ilé. Ó ní ìjọba ti pinnu pé nínú gbogbo lítà epo bẹntiróòlù mẹ́wàá, kan yóò jẹ́ ethanol, irú ọtí líle kan tó ń jó bí epo, pé inú ẹ̀gẹ́ ni ethanol náà yóò ti wá, pé kò sí bí Nàìjíríà yóò ṣe rí ẹ̀gẹ́ tó. Wọn yóò fi katakata túlẹ̀ fún wa láwìn, wọn yóò fún wa ní igi ẹ̀gẹ́ àti oògùn apakoríko láwìn, nígbà tí a bá wú u wọn yóò yọ owó wọn.

Baba olórí ẹbí gbé ìwé àdéhùn náà fún mi. “Ìyàwó wa, ìwọ lo lójú ìwé. Kà á dé ìdí.”

Mo kà á dé ìdí. Iye tọ́ọ̀nù tí àgbẹ̀ gbọ́dọ̀ kó wá wà níbẹ̀. Gbèsè àti èlé orí rẹ̀ wà níbẹ̀. Ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí àgbẹ̀ bá ta ẹ̀gẹ́ náà fún ẹlòmíràn wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n iye tí ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ rà kò sí. Ọjọ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ wá kó o kò sí. Owó tí wọn yóò san lórí tọ́ọ̀nù kan kò sí, wọ́n kàn kọ ọ́ pé iye tí ọjà bá gbà. Mo sọ bẹ́ẹ̀ ní ìpàdé. Aṣojú náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, “Mọ́mì, ìjọba ló wà lẹ́yìn wa.” Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Wọ́n ti ń gé igbó nígbà náà, ẹlòmíràn ti gé kaṣú tó ń so lọ́wọ́ kí ilẹ̀ lè fẹ̀ fún katakata. Wọ́n bu ọwọ́ lu ìwé.

Gbólóhùn “ìjọba ló wà lẹ́yìn wa” yìí ni mo fẹ́ dúró lé, torí òun ló jẹ owó wa. Mo bẹ ọmọ mi tó wà ní yunifásítì kí ó bá mi wá ìwé ìlànà 2007 náà gan-an, ó tẹ̀ ẹ́ jáde fún mi. Mo kà á bí mo ṣe ń ka ìwé ìdánwò ọmọ iléèwé, pẹ̀lú pẹ́ńsù lọ́wọ́. Ohun tí mo rí nìyí. NNPC, ilé-iṣẹ́ epo ìjọba, ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Wọ́n fẹ́ kí ethanol jẹ́ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún bẹntiróòlù, wọ́n sì fojú bù ú pé ohun tí orílẹ̀-èdè yóò nílò lọ́dún jẹ́ lítà bílíọ̀nù 1.3, tí yóò di nǹkan bí bílíọ̀nù 2 nígbà tí 2020 bá fi dé. Kí ẹ̀gẹ́ àti ìrèké tiwa tó pọ̀ tó, wọn yóò kọ́kọ́ máa ra ethanol láti òkè òkun kí ọjà lè gbérí. Ìrànwọ́ tó wà nínú rẹ̀ pọ̀: ilé-iṣẹ́ tó bá ń ṣe epo náà kò ní san owó orí fún ọdún mẹ́wàá, wọn yóò dá owó ibodè ẹ̀rọ wọn sí, owó orí ọjà pẹ̀lú, wọn yóò sì rí ẹ̀yáwó tí èlé rẹ̀ kéré.

Ẹ tún un kà. Ilé-iṣẹ́ ni gbogbo rẹ̀ wà fún. Ìwé náà mẹ́nu ba àgbẹ̀ kéékèèké, ṣùgbọ́n ipò ẹni tí yóò máa gbin ẹ̀gẹ́ fún ilé-iṣẹ́ ni ó fi wa sí. Ìrànwọ́ náà yóò gba ọwọ́ ilé-iṣẹ́ kọjá kí ó tó dé ọwọ́ wa, bí ilé-iṣẹ́ bá sì di í mú, kò sí ọ̀nà mìíràn. N kò rí iye owó kan tí ẹ̀gẹ́ kò gbọ́dọ̀ wálẹ̀ jù. Ìlànà sì ni, kì í ṣe òfin tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣe. Kò sí ilé epo tí wọ́n lè gbé lọ sí ilé-ẹjọ́ torí pé bẹntiróòlù rẹ̀ kò ní ethanol nínú. Ẹ lọ wo ilé epo tó wà ní Kàbbà tàbí Lọ́kọ́ja, kò sí èyí tó ń ta epo tí a lú ẹ̀gẹ́ mọ́. Bí kò bá sí ẹni tí òfin mú nípá láti rà á, ta ni yóò rà á?

Ìṣirò kan tún wà tí ọmọ iléèwé mi ní kíláàsì kẹfà lè ṣe, tí n kò rí ẹni tó ṣe é fún àwọn àgbẹ̀ nígbà náà. Tọ́ọ̀nù ẹ̀gẹ́ tútù kan máa ń mú nǹkan bí lítà 150 sí 180 ethanol wá. Nǹkan bíi kílò 6 ẹ̀gẹ́ nìyẹn fún lítà kan. Láti oṣù kìíní 2012, lẹ́yìn ìwọ́de ńlá tó wáyé káàkiri orílẹ̀-èdè, náírà 97 ni ìjọba fi lítà bẹntiróòlù sí, torí pé ìjọba ń fi owó kún un. Ẹ pín 97 sí ọ̀nà 6: kò ju náírà 16 lọ lórí kílò kan. Kódà ká ní ilé-iṣẹ́ náà kò sanwó iná, kò sanwó ọkọ̀, kò sanwó òṣìṣẹ́, tí kò sì jẹ èrè kọ́bọ̀, kò lè san ju bẹ́ẹ̀ lọ fún wa kí epo tirẹ̀ má bàa wọ́n ju ti NNPC. Ethanol kò sì gbé ọkọ̀ dé ibi tí bẹntiróòlù ń gbé e dé. Ohun tí lítà kan rẹ̀ ń ṣe kò ju ìdá méjì nínú mẹ́ta lọ. Kì í ṣe pé àwọn ilé-iṣẹ́ burú ni gbogbo ìgbà. Ọwọ́ kan ìjọba ń pe àgbẹ̀ síbi epo ẹ̀gẹ́, ọwọ́ kejì ń sọ epo tó ń bá a du ọjà di ọ̀pọ̀. Brazil tí gbogbo ènìyàn fi ń ṣe àpẹẹrẹ fún wa, 1975 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, ìjọba wọn sì fi òfin mú ilé epo láti lú ethanol mọ́ bẹntiróòlù. Ìrèké wọn dájú, ẹni tí yóò rà á náà dájú.

Ẹ̀gẹ́ náà dára lóko, n kò ní parọ́. A gbìn ín ní mítà kan sí mítà kan, ẹgbàárùn-ún ìdí nínú hẹ́kítà kan. Àwọn ọ̀dọ́ tó ti sá lọ sí Abuja padà wálé. Ní ọdún yẹn, oko wa tẹ́jú lọ bẹẹrẹ, ewé rẹ̀ dúdú, orí mi sì wú nígbà tí mo bá ń gba ẹ̀bá rẹ̀ kọjá lọ sí iléèwé.

Nígbà tí ẹ̀gẹ́ pé ọdún, a kò rí ọkọ̀. Wọ́n ní ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ kò tíì gúnlẹ̀. A dúró. Ẹ̀gẹ́ kò dà bí iṣu tí a lè gbé sí àká. Inú ilẹ̀ ni àká rẹ̀, ilẹ̀ náà sì ní iye ìgbà tó lè tọ́jú rẹ̀ mọ. Ẹ̀ẹ̀rùn kọjá, òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, igi ẹ̀gẹ́ tún rúwé tuntun. Ìgbà yẹn ni wọ́n wá sọ pé àwọn ti rí ibi tí yóò rà á, ilé-iṣẹ́ sítáàṣì kan tó jìnnà sí wa gan-an.

Ohun tí a kọ́ níbẹ̀, bí ẹ kò bá tilẹ̀ rántí ohun mìíràn nínú ọ̀rọ̀ mi, ẹ rántí èyí. Ilé-iṣẹ́ kì í ra ẹ̀gẹ́ bí obìnrin gàrí ṣe ń rà á. Obìnrin gàrí ń wo píkọ́ọ̀pù, ó ń wo oko. Ilé-iṣẹ́ ń wo sítáàṣì. Wọ́n máa ń wọn kílò 5 ẹ̀gẹ́ lórí òṣùwọ̀n, wọ́n á tún wọn ọ́n nígbà tó bá wà nínú omi. Èyí tó bá wúwo jù nínú omi ni sítáàṣì rẹ̀ pọ̀ jù. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀ tí igi sì rúwé tuntun, inú ẹ̀gẹ́ ni ewé náà ti ń fa oúnjẹ, sítáàṣì inú rẹ̀ yóò wálẹ̀, omi ni yóò kù. Nítorí náà, ẹ̀gẹ́ tó yẹ kí wọ́n wú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí àwọn fúnra wọn kò wá wú, àwa ni wọ́n gé owó rẹ̀. Owó ọkọ̀ tún wà níbẹ̀. Ó ju ìdajì ìwúwo ẹ̀gẹ́ tútù lọ tó jẹ́ omi. Omi ni a ń háyà ọkọ̀ gbé. Láti ìgbà tí a bá ti wú u, kò ju ọjọ́ méjì sí mẹ́ta lọ tí iṣan dúdú yóò fi yọ nínú rẹ̀. Ìgbà náà, wọn kò tíì fi kọnkéré ṣe ọ̀nà Ọ̀bájànà sí Kàbbà. Ọkọ̀ kan rì sínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀gẹ́ ènìyàn mélòó kan lórí rẹ̀. Nígbà tó fi dé ibi tó ń lọ, wọn kò tilẹ̀ gbé e sórí òṣùwọ̀n.

Mo rí àgbàlagbà tó jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé ẹgbẹ́ tí kò sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Òun ni ó gé kaṣú. Kaṣú máa ń tó ọdún mẹ́ta kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í so, ó sì pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ kó tó so púpọ̀. Ọmọ rẹ̀ ń retí owó iléèwé láti ara igi yẹn. Ó dùn mí títí di ìsinsìnyí.

Àwọn obìnrin ló yọ wá. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n kọ̀ àti èyí tó kù nílẹ̀, àwọn ìyá tó ń yan gàrí ní àdúgbò wa àti àwọn tó wá láti Kàbbà ni wọ́n rà á díẹ̀díẹ̀. Owó tí wọ́n san kéré, torí pé gbogbo abúlé tó bá ilé-iṣẹ́ náà ṣe ló ń ta lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ni wọ́n fi ń sanwó, lójú ẹsẹ̀. A fi owó náà dá díẹ̀ nínú gbèsè padà. Ó gbà wá ní ọ̀pọ̀ ìgbà kí a tó san èyí tó kù, torí ẹni tí ilé-iṣẹ́ ti yá owó lọ́wọ́ rẹ̀ kò gbọ́ pé ẹ̀rọ kò dé. Orúkọ wa ló wà nínú ìwé rẹ̀.

Àwọn obìnrin yìí kan náà, kò sẹ́ni tó pè wọ́n sí ìpàdé àkọ́kọ́. Ilẹ̀ tí katakata tú, púpọ̀ nínú rẹ̀ ni ibi tí ìyàwó ilé ti ń gbin ẹ̀pà, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́. Bí àwọn ọkùnrin bá ń sọ pé ilẹ̀ náà ṣófo, ẹ bi wọ́n pé ṣófo lójú ta ni. Mo sọ èyí torí pé mo wà níbẹ̀: ọdún tí ẹ̀gẹ́ ilé-iṣẹ́ pọ̀ jù lóko wa ni ọdún tí mo ra ẹ̀wà jù lọ́jà.

Lẹ́yìn náà, ilé-iṣẹ́ mìíràn wá, ilẹ̀ ni ìyẹn fẹ́ gbà. Àwọn awọnlẹ̀ ti ri òpó sílẹ̀ kí a tó mọ̀. Òfin Ilẹ̀ 1978 sọ pé gómìnà ló ni àbójútó gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ nítorí àwọn ará ìlú. Bí ìjọba bá gba ilẹ̀ oko fún ànfààní gbogbo ènìyàn, irè orí rẹ̀, ilé àti àtúnṣe tí ẹ ti ṣe síbẹ̀ ni wọn yóò san owó gbà-má-bìínú lé lórí. Ilẹ̀ lásán kò mú owó kan wá ju owó ilẹ̀ tí ẹ bá san fún ìjọba lọ́dún náà. Nítorí náà, igi ni ẹ̀rí yín. A ka kaṣú, a ka igi kòkó, a ka ọ̀pẹ, a fi fóònù ya àwòrán wọn pẹ̀lú ọjọ́ lórí rẹ̀, olórí ẹbí fọwọ́ sí i, ìwé náà wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ àti lọ́wọ́ lọ́yà kan ní Lọ́kọ́ja. Àpapọ̀ owó tí a ná sí i kò tó owó àpò ajílẹ̀ mélòó kan. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà rí i pé a ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ohùn wọn yí padà, wọ́n sì lọ.

Ó yẹ kí n sọ èyí tó dára. Ìrànwọ́ ìjọba tó dé ọwọ́ wa ní tòótọ́ kò jẹ́ orúkọ epo rárá. Ní 2012, ètò kan bẹ̀rẹ̀ tí ìjọba fi ń san ìdajì owó ajílẹ̀ lásìkò náà, fóònù àgbẹ̀ ni wọ́n ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí, kì í gba ọwọ́ ilé-iṣẹ́ tó ń wá ẹ̀gẹ́ rà. Lọ́dọ̀ tiwa nígbà náà, orí òkè la ti ń rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, àwọn ọ̀dọ́ á kó fóònù àwọn àgbà gun òkè lọ. Àwa tó rí i gbà lò ó. Ẹ rí ìyàtọ̀ náà: èyí tó dé tààrà sọ́dọ̀ àgbẹ̀, kódà kó kéré, a rí i lójú. A tún gbé erùpẹ̀ lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Kàbbà, èyí tó wà lábẹ́ Yunifásítì Ahmadu Bello nígbà náà, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sọ ohun tí ilẹ̀ wa nílò. Ó yẹ kí a ti ṣe ìyẹn kí katakata tó wọlé.

Irú ẹ̀gẹ́ náà ṣe pàtàkì. Èyí tí gbogbo àgbẹ̀ ń pè ní 419 ni mo ń gbìn báyìí. Ó ga, kì í yẹ̀ka púpọ̀, ó rọrùn láti ro abẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdí gan-an tí mo fi yàn án ni pé sítáàṣì rẹ̀ tó fún ilé-iṣẹ́, ó sì dára fún gàrí àti fùfú. Ẹ má ṣe gbin ẹ̀gẹ́ tí ẹnu kan ṣoṣo lè jẹ. N kì í gbìn ín tán lẹ́ẹ̀kan náà mọ́, n kì í sì fún ilé-iṣẹ́ kankan ní gbogbo oko mi. Apá kan jẹ́ ti gàrí, apá kan ni mo ń gé wẹ́wẹ́ sá sórí òkúta nígbà ọyẹ́. Ẹ̀gẹ́ gbígbẹ kì í bàjẹ́ lójú ọ̀nà, ìwúwo rẹ̀ ti wálẹ̀ sí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta, ọkọ̀ kan sì lè gbé ohun tí mẹ́ta ń gbé. Bí ilé-iṣẹ́ ethanol bá jìnnà sí yín, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ bá a ṣe. Bó bá ní tútù ni òun fẹ́, òun ni kó wá sanwó ọkọ̀.

Ìdí tí mo fi ń kọ ọ́ báyìí ni pé ìṣirò náà ti yí padà. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023, ìjọba kéde pé owó ìrànwọ́ orí bẹntiróòlù ti tán. Kí ọdún yẹn tó dé ìdajì, lítà tí kò tó náírà 200 ti kọjá 450. Nígbà tó fi di ìparí 2024, ó ti lé ní 1,000 ní ọ̀pọ̀ ibi. Ẹ̀gẹ́ lè bá epo yẹn du ọjà báyìí ju ti 2012 lọ. Ìyẹn kì í ṣe irọ́, ó sì mú kí inú mi dùn. Ṣùgbọ́n owó gàrí náà gòkè, owó katakata, owó alágbàṣe àti owó oògùn apakoríko gòkè pẹ̀lú. Àwọn àlejò sì ti tún ń wá. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ kò yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀: ìjọba ló wà lẹ́yìn wa.

Àwọn tó wá kẹ́yìn, inú ìwé ni a kọ ìbéèrè wa sí fún wọn, a kò sọ ọ́ lẹ́nu. A bi wọ́n pé ẹ̀rọ yín dà, kí a lọ wò ó kí a tó bu ọwọ́ lu nǹkan kan? Tọ́ọ̀nù mélòó ni ẹ gbọ́dọ̀ rà, kí ni ẹ ó san bí ẹ kò bá wá? Náírà mélòó lórí kílò, ìdá sítáàṣì wo ni ẹ ó fi wọ̀n ọ́n, ta ni nínú wa ni yóò dúró ti òṣùwọ̀n? Oṣù wo ni ẹ ó wú u? Bó bá kọjá oṣù yẹn, ṣé a lè tà á fún obìnrin gàrí láìjẹ gbèsè? Ọwọ́ ta ni ẹ ti yá owó, orúkọ ta ni yóò wà nínú ìwé rẹ̀? Bí ìjọba bá dá owó orí yín sí fún ọdún mẹ́wàá, èló nínú rẹ̀ ni yóò wọ inú iye tí ẹ ó fi ra ẹ̀gẹ́ wa? Àwọn obìnrin ló kọ ìbéèrè tó kẹ́yìn, wọ́n sì jókòó sí iwájú ní ìpàdé náà.

Wọ́n ní àwọn yóò fi èsì ránṣẹ́ láti Abuja. Títí èsì náà yóò fi dé lórí ìwé, ẹgbẹ́ wa kò ní gba igi ẹ̀gẹ́ kan láwìn. Bí ẹ bá wà nínú ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ní apá ibí, ẹ da àwọn ìbéèrè yìí kọ, ẹ fi kún wọn, kí gbogbo abúlé tí wọ́n bá dé máa bi wọ́n ní ohun kan náà. Wọn kò lè sọ pé àwọn yóò lọ bá abúlé kejì tí kò bèèrè, bí kò bá sí abúlé tí kò bèèrè.